Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú fífi ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan pẹja lórí ọ̀sà Èkó

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní káyáàkì, fi ń wu àwọn ará Èkó tí wọ́n ń pẹja fún ìgbádùn. Kò gba epo, kò sì sí awakọ̀ tí a ó sanwó fún. Ẹni tí ó ni ín lè dè é mọ́ orí mọ́tò, kí ó sì gbé e sí omi ní etídò tí ọkọ̀ ńlá kò lè gúnlẹ̀ sí. Kì í pariwo, nítorí náà ẹja kì í tètè sá fún un, ó sì ń wọ ibi tí omi kò ju orúnkún lọ, níbi tí ẹ̀pìyà ti ń jẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú un dùn náà ni ó ń tan ènìyàn jẹ: ọkọ̀ ni ó kéré, omi kò kéré, ẹni tí ó bá sì dá wọ̀ ọ́ kò ní ẹlòmíràn tí yóò sọ fún un pé etídò ti jìnnà.

Àṣìṣe tí mo kà sí olórí gbogbo wọn ni kí ènìyàn máa bá ìṣàn omi lọ láti òwúrọ̀ láìronú àbọ̀. Ẹnu tí ó wà láàárín Tarkwa Bay àti Victoria Island ni ọ̀sà Èkó ń gbà dà sínú òkun, omi náà a sì máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 25. Nígbà tí ó bá ń fà, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá tí odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ti kún wọ inú ọ̀sà, ipá rẹ̀ ní àárín àwọn òpó afárá lè ju agbára apá ènìyàn lọ. Ẹni tí ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kì í sábà ju kìlómítà 5 lọ ní wákàtí kan. Bí omi bá ń sáré kìlómítà 3 lòdì sí i, kìlómítà 2 péré ni ó kù fún un, nígbà tí apá rẹ̀ sì ti rọ. Ohun tí ó yẹ ni kí ó kọ́kọ́ wà lòdì sí ìṣàn nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kí ó sì ti mọ wákàtí tí omi yóò yí padà kí ó tó kúrò nílé, kí omi lè gbé e bọ̀ dípò kí ó gbé e lọ.

Afẹ́fẹ́ náà ní àkókò tirẹ̀. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ẹni tí ó sì ti Ìkòyí gba apá àríwá lọ ní òwúrọ̀ yóò rí i pé ojú afẹ́fẹ́ ni òun gbọ́dọ̀ wà padà sí. Ìjì òjò tí ń ti ìlà-oòrùn wá ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún burú jù ú lọ. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú ní apá Ìkòròdú, etí omi tí ó súnmọ́ jùlọ ni kí ènìyàn dorí kọ, ì báà jẹ́ ibi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Àwọn kan a máa ra ẹ̀wù amúniléfòó, wọn a sì fi jókòó nítorí ooru. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, afẹ́fẹ́ yóò gbé ọkọ̀ àti ẹ̀wù náà lọ ju bí olúwẹ̀ ṣe lè lé wọn lọ. Ọ̀pọ̀ tí ó mọ̀wẹ̀ kò sì tíì gbìyànjú rí láti padà gun ọkọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kò ti kanlẹ̀. Kí ènìyàn yí ọkọ̀ náà padà, kí ó dì í mú ní àárín, kí ó fi ẹsẹ̀ gbá omi títí ara rẹ̀ yóò fi léfòó gbọọrọ, kí ó sì fa àyà rẹ̀ sórí rẹ̀ kí ó tó yí ìdí sí àyè ìjókòó. Etídò ni a ti ń kọ́ èyí, pẹ̀lú aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ lọ, kí ẹnìkan sì máa wò wá.

Ìdákọ̀ró náà léwu ju bí ó ṣe rí lọ. Imú tàbí ìdí ọkọ̀ ni a ń so okùn rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, nítorí pé bí ìṣàn bá gbá ọkọ̀ tí a so ní ẹ̀gbẹ́, ńṣe ni yóò tẹ̀ ẹ́ dojú dé. Kí ọ̀bẹ sì wà nítòsí tí a lè fi gé okùn. Ní ti iwájú èbúté Àpápá àti Tin Can, kì í ṣe ibi ìpẹja fún ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan rárá: ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè dúró lójijì, awakọ̀ rẹ̀ kò sì lè rí ẹni tí ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka igi tí a rì mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sà kì í ṣe pàǹtí. Akájà ni, àwọn apẹja fi ń kó ẹja jọ, ó sì ní ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó ju ìwọ̀ sínú rẹ̀ ń jalè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbádùn ni ó bá wá. Ó sàn kí ó kí wọn pé "Ẹ kú iṣẹ́ o", kí ó sì béèrè ibi tí ó lè dúró sí. Ohun tí àwọn apẹja Màkókò mọ̀ nípa omi yìí, kò sí nínú fóònù ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó sì ra irú ọkọ̀ tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí obokún balẹ̀ sínú rẹ̀ láìsí ìdarí. Ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, wọ́n sì mú tó láti gún rọ́bà àti ọwọ́. Ẹ̀mú ni kí ó fi yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì jù ú tààrà sínú garawa tí ó ní ìdérí.