Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìtàn Tésàn Rélùwéè Ìlú Yín Sílẹ̀, Kí Ẹ sì Dá Ilé Náà Sí

Ìtọ́jú tésàn àtijọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà kíkùn. Ìtàn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ pinpin. Ojú irin tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìdó l'Ékòó ní 1896 gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣí i ní oṣù Kẹta 1901, kí ó tó dé Òṣogbo ní 1907. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ọjọ́ orí tésàn Lálúpọn tàbí ti Ẹdẹ, àárín ọdún mẹ́fà yẹn ni kó máa wò.

Ẹ wá ìwé lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn alábàárù, àwọn ìyá tó ta oúnjẹ fún èrò, àti àwọn tó di obì lọ sí Kano. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni ìtàn tésàn. Ẹ bi wọ́n pé ẹrù wo ló ń wọ ọkọ̀, ta ló sì ń wọ̀n ọ́n.

Ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ náà máa ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ha ìpáàrà ẹ̀gbẹ́ irin kúrò, ẹ lè rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ àti ọdún tó rọ ọ́, tí lẹ́tà rẹ̀ yọ síta. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré sọ pé ọdún tésàn nìyẹn, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ irin tó bá ti jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilé, ẹ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ rélùwéè Nàìjíríà. Òrùlé ló ṣáájú, nítorí omi tó ń jò ní í pa ògiri. Igi tó bá hù lára ògiri, ẹ gé e, ẹ má fà á tu, kó má baà fa bíríkì dání. Bí bíríkì náà bá sì jẹ́ ti amọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ẹ: omi inú ògiri kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, bíríkì yóò sì máa bó.

Ẹ lè lọ wo Jaekel House ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ilé ọ̀gá rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dá ilé àtijọ́ sí, tún ṣe, tó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Tiyín kò ní láti tóbi tó bẹ́ẹ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tó. Ohun kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ibẹ̀, àtùpà ni o, aago ni o, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ẹni tó fi í sílẹ̀ sínú ìwé, kí ohun ìlú má baà di ti alága ẹgbẹ́ yín.