Ètò ìlera ara, ọkàn àti ẹ̀mí: ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ ti ń ṣe

Kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ fẹ́ máa ṣe fún ìlera yín, ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ìdí tí mo fi fi èyí ṣáájú ni pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fọ́: ènìyàn yóò jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yóò kọ ọ́ pé òun yóò máa sáré ní àràárọ̀, pé òun kò ní jẹ iyán mọ́, pé òun yóò máa jí gbàdúrà ní aago mẹ́ta òru, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, ìwé náà ti wà lábẹ́ ẹní. Ọ̀lẹ kọ́ ni onítọ̀hún. Ètò rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n: kò mọ aago tí ó ń dé láti ibi iṣẹ́, kò mọ iye tí ó ń ná lórí oúnjẹ, kò sì mọ̀ pé ìyá arúgbó kan wà nílé tí ó ń dìde sí lóru.

Ẹ wá ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Fún ọjọ́ méje gbáko, ẹ má yí ohunkóhun padà nínú ìṣesí yín. Ẹ kàn máa kọ aago tí ẹ jí àti èyí tí ẹ sùn, ohun tí ẹ jẹ àti ìgbà tí ẹ jẹ ẹ́, ibi tí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé, ohun tí ó bí yín nínú tàbí tí ó mú yín rẹ́rìn-ín, àti àkókò tí ẹ fi gbàdúrà tàbí tí ẹ fi jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, níhìn-ín ní Òṣogbo, fi ìwé tirẹ̀ hàn mí lẹ́yìn tí ó ti ṣe é tán. Aago márùn-ún ni ó ń jí, ọ̀kadà ni ó ń gbé e láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ìsọ̀, orí àpótí ni ó ń jókòó sí láti aago mẹ́jọ títí di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kì í kàn án lẹ́nu títí di ọ̀sán, mínírà méjì ni ó sì fi ń gbé ara ró títí di ìgbà náà. Lóru, fóònù kì í jẹ́ kí ó sùn kí aago méjìlá tó lù. Ó ní òun kò mọ̀ rí pé ẹsẹ̀ òun kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sí ìwàásù tí a lè ṣe fún un tí yóò yé e tó ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje yẹn, ẹ lọ wọn ara yín. Ibùdó ìlera àdúgbò tó fún èyí, kò di dandan kí ẹ lọ tò sí ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Aṣúbíaró. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá yín wà lórí tábìlì, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ó sáré wọlé láti inú oòrùn, tí ó sì na apá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò gba nọ́mbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí nọ́mbà òkè bá pé 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá pé 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ni ó kàn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ìkejì: òwúrọ̀ kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì pé 126 mg/dl tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un ṣe tí kò yí padà, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ìkẹta kò gba owó. Ẹ yá téèpù tí télọ̀ fi ń wọn ènìyàn, ẹ fi yí ikùn yín ká, ẹ sì wọn gíga yín; ó yẹ kí ìwọ̀n ikùn kéré sí ìdajì gíga.

Ọ̀rọ̀ wíwọ̀n yìí jẹ mí lógún nítorí pé mo ti jìyà àìṣe é. Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo fi ń pe orí fífọ́ mi ní ti oòrùn, tí mo ń ra oògùn apàrora lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri, kí nọ́ọ̀sì kan tó wọ̀n mí tí ó sì ka 170 lé 105. Bí orí kò bá tilẹ̀ fọ́ mi rárá, nọ́mbà kan náà ni ì bá wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò ní ìrora kankan.

Ní ti ara, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú kí ó máa mí kánkán, èyí tí í ṣe ìdajì wákàtí fún ọjọ́ márùn-ún. Rírìn kánmọ́kánmọ́ tó o. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn náà ti yá tó. Ẹni tí kò ráyè lọ sí pápá lè sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Èmi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó jáwọ́ nínú àmàlà. Òkèlè ni kí ó dín kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú àti ilá kò wọ́n bí ẹran ti wọ́n, ẹ̀wà sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ẹran ń ṣe. Bí ẹ̀fọ́ àti èso tí ẹ jẹ lójúmọ́ bá tó ẹ̀kúnwọ́ márùn-ún, ẹ ti dé ibi tí a ń wí. Iyọ̀ ojúmọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Mágì wà nínú ìṣirò yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa sì ti ń ṣìnà.

Ní ti ọkàn, oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé ẹni tí kò sùn tó wákàtí méje kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni ó ń ṣe òun tàbí àárẹ̀. Ẹ yan aago kan tí fóònù yóò máa kúrò lórí ibùsùn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tí ẹ lè sọ òótọ́ inú yín fún láìbẹ̀rù pé yóò dé etí ará àdúgbò. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan kọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọkàn yín ń bẹ̀ yín nìyẹn. Mo sì fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa: bí inú ènìyàn bá bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́, tí oúnjẹ àti oorun dàrú, àìsàn ni, a sì ń tọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú ibà. Bí ó bá sì ti ń ro ikú, ọjọ́ náà gan-an ni kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ni kò tó. Ní ọdún 1954 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lójúmọ́, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀. Oògùn, ẹbí àti ìgbàgbọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn níbẹ̀.

Ètò ẹ̀mí kò ní gùn lọ títí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo ti ní in tẹ́lẹ̀. Mùsùlùmí ní ìrun márùn-ún, Kristẹni ní ọjọ́ ìsìn àti àdúrà òwúrọ̀, ẹni tí ń bọ Ọ̀ṣun ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ilé kan ṣoṣo sì lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ ni èyí tí ọkàn yín kì í sí níbẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe é, kí ẹ sì mú ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ óò máa ṣe láìkánjú. Ẹ fi ohun kan tí ẹ óò máa ṣe fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ kún un. Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, jẹ́ ibi tí ariwo mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ìrìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ àwọn igi rẹ̀ sì máa ń tu ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ẹ má mu omi odò náà. Ìwakùsà góòlù lókè odò ti bà á jẹ́, ó sì ń dùn mí láti kọ ọ́. Bákan náà, ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó gba ààwẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pàápàá yọ aláìsàn sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti ní gbogbo èyí lọ́wọ́, ẹ má kọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ fún oṣù àkọ́kọ́, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ní aago, ibi àti ẹni tí yóò mọ̀ bí ẹ kò bá ṣe é. Èyí tí ó dára jù ni èyí tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Ẹni tí ó kọ pé, "Ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, èmi àti bàbá ìkejì ilé yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ kírun Àsùbá ní mọ́sálásí tí ó jìnnà díẹ̀, a ó sì fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀," ti fún ara ní ìrìn, ó ti fún ọkàn ní alábàárò, ó sì ti fún ẹ̀mí ní ìjọsìn. Ẹ kọ èyí tí ẹ óò ṣe ní ọjọ́ òjò sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ sàn ju òfo lọ.

Ìlú aró ni ìlú yìí, àwọn aláró sì mọ̀ pé ìrìbọ̀ kan kì í sọ aṣọ di dúdú. Àwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń mú jáde nínú ìkòkò, atẹ́gùn ni ó ń sọ ọ́ di aró, wọn yóò sì tún un rì, wọn yóò tún un sá, títí tí yóò fi ṣú bí wọ́n ti fẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ wo gbólóhùn tí ó wúwo jù, ẹ dín in kù sí ìdajì, kí ẹ sì máa bá a lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ wọn ara yín ní ibùdó kan náà, kí ẹ sì mú ìwé náà dání. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bí nọ́mbà bá ti wálẹ̀, ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ sì kọ èsì wọn sí ojú ewé tí ó kàn.