Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ọ̀nà Ìgbafẹ́ Bá Fẹ́ Gba Ẹ̀yìnkùlé Onílé Kọjá

Màmá àgbàlagbà kan ló là mí lójú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. A ti lo bíi wákàtí méjì nípàdé lórí ọ̀nà ìgbafẹ́, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn èèyàn á máa fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ gbà, tí ìgbìmọ̀ àdúgbò fẹ́ là. Àwọn kan ń lọgun pé àwọn fẹ́ ẹ, àwọn kan fàáké kọ́rí pé kò ní ṣeé ṣe. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni lọgun. Nígbà tí ìpàdé tú, wọ́n ní kí n sìn wọ́n délé. Wọ́n mú mi wọ ilé ìdáná, wọ́n ní kí n dúró síbi tí àwọn ti máa ń fọ abọ́, kí n wo ìta. Gegele tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà láyé àtijọ́ ni mo rí, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ la ọ̀nà náà sí, ó sì ga ju fẹ́ǹsì ilé wọn lọ. Ọmọkùnrin kan ń rìn kọjá lórí rẹ̀. Mo rí omi tó ń kán lẹ́nu ìgò tó dì mú. Bí mo ṣe ń rí i ló ṣe ń rí mi; ó tiẹ̀ juwọ́ sí wa.

Màmá ní, “Mi ò bá ẹni tó ń rìn jà o, ọmọ mi. Àmọ́ rò ó wò, aṣọ àwọ̀sùn ni mo máa ń wọ̀ dúró síbí láàárọ̀.”

Ní gbogbo wákàtí méjì yẹn, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba bí gegele náà ṣe ga tó. Látìgbà náà ni mo ti jókòó nínú ìpàdé tó jọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn àṣìṣe kan náà ni mo sì máa ń rí. Àwọn tó fẹ́ ọ̀nà ń ṣe é, àwọn tí kò fẹ́ ń ṣe é, àwọn aláṣẹ náà ò gbẹ́yìn.

Ẹ má fá orí lẹ́yìn olórí

Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ ya ọ̀nà sórí máàpù, wọ́n á yan ohun tí wọ́n máa fi tẹ́ ẹ, wọ́n á ti kọ̀wé tọrọ owó, kí wọ́n tó wá pe àwọn onílé. Onílé á débẹ̀, á rí ìlà pupa tó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀ kọjá lára pátákó. Wọ́n á wá ní kó sọ tinú ẹ̀. Kí ló kù tó fẹ́ sọ? Ó mọ̀ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí òun tó dé, ìjà nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ kanlẹ̀kùn kí ẹ tó ya ìlà kankan. Gbogbo ilé tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ibẹ̀ ni kí ẹ dé, ayálégbé ni o, onílé ni o. Ẹ má ṣe fi ìwé ìkéde kan ṣoṣo tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tan ara yín jẹ. Nígbà tí ẹ bá sì máa gbé máàpù jáde, kí ìlà tó wà lórí rẹ̀ tó méjì tàbí mẹ́ta, kí ó hàn pé ẹ ṣì ń wá ibi tó dáa jù ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò nídìí tábìlì. Ẹ kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà náà máa gbà, ẹ so ọ̀já pupa mọ́ wọn, kí gbogbo yín sì jọ rìn ín. Ẹ jẹ́ kí èèkàn wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, nítorí ìbú ọ̀nà yìí ló máa ń kó jìnnìjìnnì bá onílé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti là á tán. Bí ẹ bá sọ fún èèyàn pé ọ̀nà ìrìn lẹ fẹ́ là, ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ kan ló máa wá sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ojú pópó ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà fún ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ jọ ń lò ni pé ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní nǹkan bíi mítà 3, àfi níbi tó bá há gan-an, kí wọ́n sì fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mítà 4. Mọ́tò máa gbabẹ̀ kọjá dáadáa. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tí màmá yẹn fi hàn mí lẹ tún máa ṣe. Kí ẹnì kan dúró nídìí èèkàn tó wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan, kí onílé wọ yàrá rẹ̀ lọ, kó wò ó bóyá ojú wọn á ṣe mẹ́rin. Kí ẹlòmíì gun kẹ̀kẹ́ kọjá, torí pé orí oníkẹ̀kẹ́ ga ju orí ọmọdé tó ń rìn lọ. Kí wọ́n tún un ṣe lálẹ́ nígbà tí iná bá wà nínú ilé. Ọjọ́ kan péré lèyí máa gbà yín. Mo ti rí ibi tí onílé tó ti ń fàáké kọ́rí fúnra rẹ̀ ti fa èèkàn tu, tó gbé e lọ sí mítà díẹ̀ sí apá odò, tó sì ní, “Tó bá jẹ́ ibí yìí ni, mi ò ní wàhálà.”

“Ọkọ̀ ojú irin gba ibẹ̀ rí” ò sọ ilẹ̀ di ti ìjọba

Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìgbafẹ́ tó ń dá ìjà sílẹ̀ ló jẹ́ pé ojú irin tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n là wọ́n sí. Lọ́dún 1983, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi kún òfin àwọn ipa ọ̀nà orílẹ̀-èdè wọn pé wọ́n lè fi ojú irin tí ọkọ̀ ò gbà mọ́ ṣe ọ̀nà ìrìn, kí ilẹ̀ náà má bàa fọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bóyá ọkọ̀ á tún padà gba ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà gbọ́ èyí, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀tọ́ àtikọjá nìkan ni iléeṣẹ́ rélùwéè ní, ẹlòmíì ló nilẹ̀.

Ìdílé kan láti Vermont gbé irú ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1990, ilé ẹjọ́ ní òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbà pé wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ gba ilẹ̀ òun lè béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tó di ọdún 2014, ẹjọ́ mìíràn dé láti Wyoming, lórí ilẹ̀ tí rélùwéè gba orí rẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1875. Adájọ́ 8 nínú 9 sọ pé nígbà tí rélùwéè ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀tọ́ àtikọjá náà ti tán, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ méjì rèé lórílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Bí iléeṣẹ́ rélùwéè ṣe kọ́kọ́ rí ilẹ̀ gbà, àti bóyá wọ́n ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀.

Àwọn onílé náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí láti apá tiwọn. Ẹni tó ti ń gé koríko ibẹ̀ fún ogún ọdún, tó gbin òdòdó síbẹ̀, tó kọ́ ahéré kékeré tó ń kó irinṣẹ́ sí, á fọwọ́ sọ̀yà pé ilẹ̀ òun ni. Nígbà tí awọnlẹ̀ bá wá, wọ́n á rí i pé ahéré ti wọnú ilẹ̀ onílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ẹ wá ìwé ilẹ̀ jáde, kí awọnlẹ̀ sì fi òpó ààlà hàn yín. Ó máa ń dun èèyàn láti gbọ́ pé ilẹ̀ tóun ti ń tọ́jú kì í ṣe tòun. Kó tètè gbọ́ ọ sàn ju kó gbọ́ ọ níwájú adájọ́ lọ.

Ẹ má fi èrè ẹlòmíì lọ onílé

Ohun méjì ni onílé máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù: pé olè á máa gba ẹ̀yìn wọlé, àti pé owó ilé òun á já wálẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ọ̀nà á yára fún un lésì: “Ó tì o, ńṣe ni ilé yín máa gbówó lórí.” Ìwádìí kan tí wọ́n máa ń dárúkọ jù ni ti ọ̀nà Burke-Gilman ní ìlú Seattle, tí wọ́n là sórí ojú irin àtijọ́, tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1978. Lọ́dún 1987, ìlú náà ṣèwádìí ohun tí ọ̀nà yìí ti ṣe fún àwọn ilé tó wà lẹ́bàá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á dé ìparí. Ìwádìí náà ò rí i pé olè ń ja àwọn ilé tó fara kan ọ̀nà ju ilé yòókù lọ. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí onílé gbọ́ ọ. Ní ti owó ilé, àwọn tó ń bá èèyàn ta ilé sọ pé ilé tó sún mọ́ ọ̀nà ṣùgbọ́n tí kò fara kàn án fi nǹkan bíi 6% gbówó lórí. Àwọn tó fara kan ọ̀nà gan-an kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó bá tiwọn kéré débi pé kò tó nǹkan tí à ń fọ́nnu lé.

Ẹ ẹ̀ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Ẹni tó wà lójúlé kẹta ló ń jèrè, ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kan ọ̀nà ló ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn láàárọ̀ kùtù. Bí ẹ bá wá dúró níwájú ẹni yìí tí ẹ ń ka èrè aládùúgbò rẹ̀ fún un, ẹ̀ ń bu iyọ̀ sí ojú egbò ni. Ohun tí ẹ jẹ ẹ́ ni pé kí ẹ dín ìnira tó máa dé bá a kù.

Kí onílé náà sì yé pe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rìn ní ọ̀daràn. Ìyá tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ wà nínú wọn, ó sì ń gbọ́.

Iye mítà nìkan ò tó

Bí ìjà bá ti le, ẹnì kan á ní kí wọ́n sáà ti fi mítà báyìí jìnnà sílé, kí ọ̀rọ̀ parí. Òótọ́ ni pé àwọn òfin kan dárúkọ iye. Lábẹ́ òfin ọdún 2000 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri orí òkè àti ilẹ̀ gbalasa ní England àti Wales, ẹ̀tọ́ náà ò dé ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 20 sí ilé gbígbé. Scotland ò dárúkọ iye kankan nínú òfin tiwọn ti ọdún 2003. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ilẹ̀ tó yí ilé ká tó èyí tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á fi ní àṣírí bó ṣe yẹ.

Èmi fara mọ́ ti Scotland. Mítà 20 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí igi wà láàárín, pọ̀ púpọ̀. Mítà 20 láti orí gegele tó ń wo inú yàrá ò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, àti ibi tí iná kẹ̀kẹ́ máa ń tàn sí lálẹ́.

Àṣìṣe tó sún mọ́ èyí ni pé kí wọ́n yára mọ ògiri gíga sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀nà á di kọ́lọ́fín, ẹni tó ń dá rìn níbẹ̀ á máa wẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó máa rí i bí nǹkan bá ṣe é. Onílé náà á pàdánù ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn. Fẹ́ǹsì tí kò ga jù pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ tó ṣù mọ́ra máa ń ṣiṣẹ́ ju ògiri lọ. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má gbé bẹ́ǹṣì sẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kọjá á kọjá lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ǹṣì ló ń sọ ọ́ di ẹni tó jókòó fún wákàtí kan.

Ohun tí ìpàdé kì í rántí

Ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa wa mọ́tò wá rìn, wọ́n á sì gbé e síwájú ilé onílé bí kò bá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Omi òjò náà ńkọ́? Ojú ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ kì í mumi, bí ó bá sì dagun sí apá ilé, inú ọgbà onílé ni àgbàrá ń lọ. Ta ló máa kó ìdọ̀tí? Ta ni èèyàn máa pè bí igi bá wó? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí orúkọ ọ́fíìsì àti nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀.

Kóòtù àti ìwé

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ gba lọ́yà, gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ló máa pa ẹnu mọ́, torí pé ohun tí wọ́n bá sọ lè di ẹ̀rí. Àmọ́ àṣìṣe tó dojú kọ ìyẹn náà wà: kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ nípàdé, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìwé àtakò sì kọjá lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí ẹ fẹnu sọ ò sí nínú àkọsílẹ̀. Ẹ kọ ọ́. Ẹ má kọ “mi ò fẹ́” nìkan, nítorí kò sí ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ lè fi ìyẹn ṣe. Ẹ kọ pé láti èèkàn yìí dé èèkàn yìí, ẹ sún un ní mítà 6 sí apá odò, kí ẹ sì fi fọ́tò tí ẹ yà láti fèrèsé yín sí i.

Wọ́n là á lẹ́yìn ilé màmá yẹn nígbà tó yá. Wọ́n gé orí gegele náà wálẹ̀, wọ́n sún ojú ọ̀nà sí etí kejì, wọ́n sì gbin igi sí àárín. Mo padà lọ kí wọn lọ́dún tí wọ́n ṣí i. Àwọn igi náà ò tíì ga ju orúnkún mi lọ, aṣọ sì wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n tan iná lọ́sàn-án gangan. Ó ká mi lára, torí pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣètò ẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ nínú wa pé ká gbin igi lọ́dún tí a ṣì ń bá ara wa jiyàn.