Ẹ Má Tíì Sanwó Yàrá Yẹn: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Dá Ayédèrú Kiatéká Mọ̀ n'Ífẹ̀

Táwọn ọmọ iléèwé bá ti ń wọlé báyìí, láti Asherifa dé Damico, títí kan Mayfair àti Parakin, fóòmù tí wọ́n fi ń sùn lẹ máa rí lórí taxi. Ẹni tí ò rí bedspace, ìyẹn ààyè bẹ́ẹ̀dì nínú hostel, gbà nínú OAU ń wá yàrá níta, ẹni tówó ẹ̀ ò ká yàrá níta ń wá ẹni tó máa ta bedspace fún un, àsìkò yẹn gan-an làwọn tó ń fi ilé onílé pawó máa ń jáde. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn lọmọ yahoo o. Òmíì, ayálégbé jẹ́jẹ́ ni, ó ti ríṣẹ́ síbòmíì, owó ilé ẹ̀ ṣì ku oṣù mélòó kan, ló bá sọ ara ẹ̀ di kiatéká, ló bá gbowó ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ẹlòmíì lórí yàrá tóun náà ń háyà.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti hostel, kò gba àlàyé púpọ̀. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni school ń fi sórí bedspace, ì báà jẹ́ Awo, Fajuyi, Moremi tàbí Mozambique. Kò kárí gbogbo èèyàn, owó ẹ̀ sì kéré gan-an sí tìta, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó rí i gbà àmọ́ tí ò nílò ẹ̀ fi ń tà á lówó gọbọi. Kí wá ló tà fún yín? Orúkọ tiẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí kálukú mú ID card jáde, ẹrù ọmọ yín ló máa wà níta, ẹ ò sì ní lè fẹjọ́ ẹni tó tà á sùn láìsọ pé ẹ̀yin náà rà á. Ẹ ní kọ́mọ ṣí portal ẹ̀ níṣojú yín, kí orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà yàrá hàn níbẹ̀, kówó sì lọ sí àkáǹtì school, kì í ṣe ti "ọ̀gá kan ní Fajuyi". Ti squatting lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, òun àti pọ́tà ni wọ́n jọ mọ̀ ọ́n, mi ò sí níbẹ̀.

Ìta ni wàhálà wà. Tí ájẹ́ńtì bá ti mú yín lọ wo yàrá, ẹ padà lọ síbẹ̀ láìmú un dání, nírọ̀lẹ́ táwọn ará ilé ti dé. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé bọ̀dá yẹn ni kiatéká?" torí ẹ ti fi èsì sí wọn lẹ́nu, wọ́n á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lè máa lọ. Ẹ bi wọ́n pé "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń sanwó ilé fún?" Tí màmá tó ń dáná lẹ́yìnkùlé bá dárúkọ tó yàtọ̀ sí tẹni tó ń dúró de owó yín, ẹ ti gbọ́ tán nìyẹn. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni kẹ́ ẹ ti gba nọ́ńbà láńlọ́ọ̀dù, torí "láńlọ́ọ̀dù" tí ájẹ́ńtì máa pè fún yín lè jẹ́ àbúrò ẹ̀ tó jókòó sí Lagere. Tó bá jẹ́ Èkó tàbí òkè òkun lonílé wà, video call ò wọ́n mọ́, kó fojú hàn, kó sọ ẹni tó fi ṣe kiatéká àtiye tó ń gba yàrá ẹ̀.

Ẹ wo mítà iná náà. Tó bá jẹ́ prepaid, tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sórí app tẹ́ ẹ fi ń ra iná IBEDC, orúkọ kan máa jáde kẹ́ ẹ tó sanwó rárá. Ó lè jẹ́ orúkọ bàbá onílé tó ti kú tipẹ́, kì í ṣe ẹ̀rí gidi, àmọ́ ẹ ti rí ìbéèrè: "Ta ló ń jẹ́ báyìí nínú ilé yìí?" Ayédèrú kiatéká á kọ́kọ́ kólòlò ná.

Pé wọ́n fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ẹ̀rí o. Mo wà l'Asherifa lọ́jọ́ Sátidé kan tí ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ wá láti Iléṣà, fóòmù, gáàsì, garawa, gbogbo ẹ̀ lórí taxi. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún wọn ṣílẹ̀kùn wẹ́rẹ́. Wọ́n ṣì ń kẹ́rù wọlé lọ́wọ́ ni bọ̀bọ́ kan dé tòun ti báàgì, kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ náà ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà ní òun ti sanwó. Ni wọ́n bá jọ mú rìsíìtì jáde: ìwé rìsíìtì olówó pọ́ọ́kú kan náà, nọ́ńbà méjèèjì tẹ̀ léra, kò sórúkọ onílé, kò sí nọ́ńbà ilé, "for room" nìkan ló wà níbẹ̀. Fóònù ẹni tó gbowó ò lọ mọ́.

Nítorí náà, àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ onílé lẹ máa sanwó sí, àfi tóun fúnra ẹ̀ bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ san án fún ẹlòmíì. Kí rìsíìtì àti agirímẹ́ǹtì sọ yàrá wo, àdírẹ́ẹ̀sì wo, láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo. Tẹ́ni tó fẹ́ gbowó bá ń kán yín lójú pé ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá san án, ẹ jẹ́ kẹ́lòmíì náà san án. Ẹ sì wo inú yàrá: tí aṣọ àti ìkòkò ẹnì kan bá ṣì wà níbẹ̀, tó ní "àbúrò mi ni, ó máa kó jáde," ẹ dúró dìgbà tó bá kó o.

Ẹ̀yin onílé náà, ẹ kọ ọ́ sínú agirímẹ́ǹtì pé ayálégbé ò gbọ́dọ̀ gbé yàrá fẹ́lòmíì láìgbàṣẹ, kẹ́ ẹ sì máa yọjú. Ní England, ẹni tí council (ìjọba ìbílẹ̀ wọn) fún nílé tó mọ̀ọ́mọ̀ fi àbòsí gbé e háyà fẹ́lòmíì láìgbàṣẹ, tóun kó lọ síbòmíì, ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin ọdún 2013, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 2, kóòtù sì lè ní kó pọ gbogbo èrè tó jẹ. Wọ́n ń fi orúkọ inú ìwé council kan wé tòmíì, wọ́n sì ń kanlẹ̀kùn wá wo ẹni tó ń sùn níbẹ̀. A ò ní ìwé tí wọ́n fi ń wéra n'Ífẹ̀, àmọ́ ta ni ò lè kanlẹ̀kùn? Ẹ ní fọ́tò ayálégbé yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá bá àjèjì níbẹ̀, ẹ má yọ páànù ilé, ẹ má kẹ́rù ẹnikẹ́ni síta, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi. Ayálégbé ọlọ́dọọdún, tí agirímẹ́ǹtì ò bá sọ nǹkan míì, nótíìsì oṣù 6 ni, lẹ́yìn ẹ̀ tọjọ́ 7, lẹ́yìn náà kóòtù.

Tí wọ́n bá ti gbowó yín lọ, báǹkì lẹ máa kọ́kọ́ pè, lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró. Ẹ má pa chat kankan rẹ́ o, èébú tẹ́ ẹ bú u gan-an, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wá àwọn yòókù tó lù ní jìbìtì, kẹ́ ẹ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin jìbìtì ọdún 2006 sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ gbowó lọ́wọ́ èèyàn máa ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, ó lè tó 20, kò sì sí owó ìtanràn, ẹ dárúkọ òfin yẹn nínú sitẹ́tímẹ́ǹtì yín. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí, tí wọ́n gbé kéèsì yín fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, látìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa tún gbogbo ẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá míì.