Bí mo ṣe ṣí kábéèjì àti bùrókólì mi sí ìta nínú ooru

Ooru ṣì mú gan-an nígbà tí mo ṣí ewébẹ̀ ìgbà ìwọ́wé mi kúrò nínú tírè lọ sórí ebè, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni o. Àwọn kan máa ń ní ó dìgbà tí ooru bá lọ tán káwọn tó gbìn, àmọ́ kó tó tutù dáadáa, àkókò ti lọ nìyẹn, òtútù á bá ewébẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ìrì dídì máa kọ́kọ́ sẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, màá wá kà á padà sẹ́yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn pákéètì irúgbìn yín, iye ọjọ́ tó máa gbà wà níbẹ̀. Ká ní bùrókólì máa lo 60 ọjọ́ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣí i gbìn, ẹ fi 14 kún un torí pé oòrùn ti ń tètè wọ̀ nígbà yẹn, ewébẹ̀ kì í yára dàgbà mọ́, ó di 74. Tó bá jẹ́ àárín oṣù kẹwàá ni ìrì dídì máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ló yẹ kó ti wà nílẹ̀, inú ooru gan-an nìyẹn! Lẹ́túùsì ní tiẹ̀ kì í pẹ́, kì í sì í fẹ́ hù dáadáa tí ilẹ̀ bá ti gbóná kọjá bíi 27°C, ìdí nìyẹn tí mo fi hù ú nínú ilé, òun ni mo sì ṣí kẹ́yìn.

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí n tó ṣí wọn, mo ń gbé tírè sí ìta láàárọ̀, abẹ́ ibòji ló kọ́kọ́ wà, mo wá ń jẹ́ kí oòrùn kàn án díẹ̀díẹ̀. Ewé tí ò mọ oòrùn rí máa ń funfun, á wá gbẹ.

Ìṣirò yẹn, ọ̀sẹ̀ ló ń sọ fún mi, ojú ọjọ́ ló ń sọ ọjọ́. Mo wò ó lórí fóònù, mo mú ọjọ́ tí ìkùukùu máa wà, mo sì dúró dìrọ̀lẹ́ kí ewébẹ̀ lè fi gbogbo òru sinmi kó tó rí oòrùn. Mo ti bu omi rin ebè lálẹ́ àná. Mo gbẹ́ ihò, mo da omi sí i, mo jẹ́ kó mu ún tán, kí n tó ki kábéèjì bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀ ewé àkọ́kọ́, mo fọwọ́ tẹ ilẹ̀ yí i ká, mo tún bomi rin ín. Koríko gbígbẹ tó nípọn tó bíi 5 cm ni mo fi bo ilẹ̀, àmọ́ mi ò jẹ́ kó kan igi rẹ̀.

Ẹ má fojú di oòrùn ọ̀sán o. Nẹ́ẹ̀tì tó ń gba bí ìdajì oòrùn ni mo ta sórí igi, mo jẹ́ kó ga kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Tí ewé bá rọ lọ́sàn-án tó sì gbé orí nírọ̀lẹ́, ooru lásán ni, ẹ má tìtorí ìyẹn da omi bò ó. Èyí tó bá ṣì rọ láàárọ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ. Mo tún máa ń yí ewé wò lábẹ́, torí ibẹ̀ ni labalábá funfun máa ń yé ẹyin sí, mo sì ń fọwọ́ nù wọ́n dànù. Nígbà tí ewé tuntun ti yọ láàárín dáadáa ni mo ká nẹ́ẹ̀tì kúrò, ìrọ̀lẹ́ náà ni mo ká a.