Bí Ẹ Ṣe Lè Fọ Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà Tí Ọ́ìlì Dúdú Ti Gbẹ Mọ́ Lára

Kí ohunkóhun tó kan tọ́ọ̀pù tí ẹ tú sílẹ̀, ìyẹn ìdérí irin tàbí alumíníọ̀mù tó bo òkè sìlíńdà ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e lára. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ni, bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tó ń rìn lójú títì wa. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ máa ń bó ọ̀rá lára irin, àmọ́ ṣe ló ń jẹ alumíníọ̀mù: á máa hó yaya, á yọ gáàsì tó lè gbiná, ibi tí gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti ẹ́ńjìnnì, ń jókòó sí á sì di págunpàgun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bẹntiróò fọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ó yá, ó sì ń gbẹ kíákíá, àmọ́ oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń fà lọ wẹ́rẹ́ títí tó fi máa bá iná wẹ́dà ní ìsọ̀ kejì. Kẹrosíìnì ni kí ẹ lò, lítà 4 tó fún ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ tú àwọn fáàfù, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín tó sì ń dí i, kí ẹ lu ihò sára páálí, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì tò wọ́n síbẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Fáàfù kọ̀ọ̀kan ló ti bá ìjókòó tirẹ̀ mu. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, wọn ò ní dí dáadáa mọ́. Ẹ yọ síìlì onírọ́bà tó wà lára ọ̀pá fáàfù sọ nù, torí kẹrosíìnì lè mú un wú.

Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha ọ́ìlì tó nípọn kúrò ní gbígbẹ, kí ẹ wá rẹ tọ́ọ̀pù náà sínú kẹrosíìnì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló dára jù fún kọ̀rọ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni sáńpépà: yanrìn rẹ̀ kéré débi pé ojú ò rí i, àmọ́ ó le. Á bọ́ sínú ihò ọ́ìlì, ọ́ìlì á gbé e lọ bá bíárìnì, á sì máa ha á títí ẹ́ńjìnnì á fi máa kàn gbàgbàgbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ po ìdajì ife ọṣẹ onílúbúlúbú mọ́ omi gbígbóná lítà 5, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi àkísà funfun nu inú rẹ̀. Bó bá dúdú, ẹ padà sí kẹrosíìnì.

Ẹ fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ gbogbo ihò ọ́ìlì, pàápàá ihò bóòtù tí kò jáde lódìkejì. Bí omi bá kù síbẹ̀, bóòtù ò ní rí àyè wọlé: ẹ ó rò pé ó ti le, kò tíì le, tàbí kí alumíníọ̀mù sán. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa fáàfù àti sípíríìnì ní kíá kí wọ́n má baà dípẹtà.

Ẹ má da kẹrosíìnì dúdú yẹn sí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú kẹ́ẹ̀gì di ọjọ́ kejì. Òkè rẹ̀ á tòrò, ẹ ó lè fi fọ òmíràn.

Ojú gáskẹ́ẹ̀tì nìkan ni ọ́ìlì ò gbọdọ̀ kàn. Ẹ fi tíńnà díẹ̀ nù ún gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun lé e.