Làkúrègbé: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbẹ̀ àti Ará Ilé Mọ̀ Nípa Oúnjẹ àti Ìrìn

Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó ní láti di ògiri mú kó tó lè nàró kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé làkúrègbé fún un. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé orúkọ kan yìí ń bo àìsàn bíi mẹ́ta mọ́lẹ̀, àti pé oúnjẹ tó tu ọ̀kan lára lè máa ru òmíràn sókè.

Àkọ́kọ́ ni oríkèé tó ti gbó. Orúnkún ló sábà ń mú. Á le láàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó tú. Ìkejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló yíjú ìjà sí oríkèé ẹni fúnra rẹ̀: ìka ọwọ́ méjèèjì á wú, wọn á sì le fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ló ń ṣe jù. Ìkẹta ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní gout. Uric acid, ìdọ̀tí kan tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ á di ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ sínú oríkèé; àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á ṣàdédé wú lóru, débi pé aṣọ ìbora lásán ò ní ṣeé fi kàn án.

Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ìkejì yẹn ní oògùn tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kó ba oríkèé jẹ́. Oúnjẹ nìkan kò lè dá a dúró.

Ti inú àwo

Kílò 1 tí ara bá fi fúyẹ́, bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi kílò 5 fọn, ẹrù tó sọ̀ kalẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ ti ń súnmọ́ ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ àmàlà mọ́. Bí ẹ bá ń jẹ òkìtì méjì, ẹ dá ọ̀kan padà, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ dí àyè rẹ̀. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ kọ́kọ́ já sílẹ̀.

Ẹja ọlọ́ràá bíi títọ́ọ̀sì ń ran àwọn tí ẹ̀ṣọ́ ara ń bá jà lọ́wọ́: ọ̀rá inú rẹ̀ ń dín ìrora oríkèé kù. Ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní gout kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́, kó má sì fẹnu kan ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín, pàápàá bíà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn mọ́ àwọn tí ń fi orísìírísìí jẹ iyán. Ẹ̀wà tí wọ́n máa ń kà léèwọ̀ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, kì í sábà fa wàhálà. Kí wọ́n mu omi dáadáa.

Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) dára nínú ọbẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kó má máa mu àgbo rẹ̀ ní ife-ife.

Ti ẹsẹ̀

Ẹ wo ìdí egungun itan adìẹ: ohun funfun tó ń dán, tó ń yọ̀, tó bo orí rẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú orúnkún yín. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, bí a bá sì ṣe ń rìn ni omi náà ń wọlé tó ń jáde, bíi kàn-ìn-kàn-ìn tí à ń fún tí à ń tú sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìjókòó gbalaja kì í fi í wo làkúrègbé.

Ẹlòmíràn á ní, “Oko tí mo ń ro láti àárọ̀ ńkọ́?” Oko ríro ń mú ẹ̀yìn ṣiṣẹ́, iṣan itan ló ń gbé orúnkún, ó sì fẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ gbé àga ti ògiri. Ẹ ká ọwọ́ sáyà, ẹ dìde, ẹ rọra jókòó padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ìjókòó ga. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa fi kún un títí á fi pé 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ìrora bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù, ẹ má fi sílẹ̀.

Ọjọ́ tí oríkèé bá wú, omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín ni kí ẹ fi aṣọ wé, kí ẹ gbé lé e fún ìṣẹ́jú 15.

Mo rí ìyá kan nídìí agbada gàrí, lórí àpótí kúkúrú, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù gbé ààrò ga, wọ́n wá àga tó ga fún un. Bí ìyan kan bá ti jinná, á dìde, á yí ilé ká kó tó da òmíràn sí i. Orúnkún náà ṣì ń dùn ún. Àmọ́ kò tún di ẹnikẹ́ni mú mọ́ kó tó dìde. Nínú oko, ọkọ́ tí igi rẹ̀ gùn sàn ju kí a lóṣòó lọ. Kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a kírun lórí àga, tàbí kí a sọ fún àgbà pé “Ẹ má bínú, orúnkún ni kò jẹ́ n kúnlẹ̀.”

Ohun tó ń tètè wo ó

Lẹ́búlẹ́bú inú bọ́ọ̀sì tó ń lé ìrora lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n máa ń po dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn líle tí ń tẹ wíwú àti ìrora rì, mọ́ òmíràn nínú wọn. Ojú á kún, àwọn aládùúgbò á ní “O ti ń sanra,” ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru á sì máa gòkè lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ kó má dá a dúró lójijì. Kó lọ bá dókítà. Oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen lójoojúmọ́ lè dá ọgbẹ́ sí ikùn, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́.

Bí oríkèé kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí ibà sì wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Pípọ́n lè má hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kí ẹ tún fi kan ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹ mọ èyí tó gbóná.